Ìwé Fọ́tì Líìfù Tó Tú Àṣírí Mi

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ti lé lọ́dún kan, torí náà kò sẹ́ni tó lè fi kúẹ́rì dẹ́rù bà mí mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí kì í ṣe ohun tó gbé mi níyì, kódà àwọn ọmọ bíbí inú mi ò mọ̀ ju ìdajì ẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa ló jẹ́ kí n kọ ọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ tíṣà ìjọba, ó wá kí mi, ó ní ilé ìwé kan létí Sábó ni wọ́n pín òun sí, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní "Mà, àwọn àbókí ni wọ́n ní kí n lọ máa kọ́ ní ABD o." Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó lọ tán ni inú mi wá bàjẹ́, torí ohùn ara mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀, ohùn tí mo fi sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n pín èmi náà síbẹ̀ ní January 2011.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Òṣogbo kankan ò lè sọ pé òun ò bá ẹ̀yà míì gbé rí, torí látìgbà tí rélùwéè ti dé ìlú wa ní 1907 làwọn Hausa olóbì, àwọn Igbo, àwọn Tápà ti ń bá a dé. Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ Hausa kan tó ń ra obì ní Station Road, tó bá ti di Iléyá ẹran á ti ilé wọn wá, tó bá di Kérésì ìrẹsì á ti ilé wa lọ. Àlájì yìí ni mo fi ń gbèjà ara mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ní mò ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà, màá ní èmi kẹ̀, èmi tí mo ti ń jẹ ẹran Iléyá Àlájì láti kékeré? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹran tí mo jẹ nílé bàbá ò ní kí n má fìyà jẹ ọmọ rẹ̀ ní kíláàsì.

Kíláàsì kẹrin ni wọ́n fún mi. Àwọn ọmọ lé ní ọgọ́ta, bẹ́ǹṣì ò tó, mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń fún ara wọn mọ́ orí ẹyọ kan. Nínú wọn, bíi mọ́kànlá ni kì í ṣe Yorùbá. Hausa ló pọ̀ jù, Fúlàní méjì, Igbo mẹ́ta, Ìgbìrà kan, àti ọmọ Urhobo kan tí gbogbo ilé ìwé ń pè ní "Ìsọ̀bọ̀" bíi pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níjọ́ kẹjọ nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ní kí oníkálukú ka ìwé òyìnbó síta kí n lè mọ ibi tí màá fi í jókòó. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ Hausa yẹn, "p" máa ń di "f" lẹ́nu wọn, ọmọ á ní "fensir", kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á fi ìwé bojú rẹ́rìn-ín. Kí n tó mọ̀, gbogbo wọn ti wà ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ti já, níbi tí oòrùn ti ń tàn sí bọ́ọ̀dù tí èèyàn ò fi ní rí nǹkan kan. Nígbà tó fi máa di tẹ́ẹ̀mù kẹta wọn ò mọ̀wé lóòótọ́, mo wá ń sọ fáwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi pé ṣé ẹ rí i, mo sọ bẹ́ẹ̀. Bíi kéèyàn gbin iṣu sábẹ́ igi tó ṣíji bò ó kó wá máa bú u pé kò ta.

Orúkọ ńkọ́? Ọmọ méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà, kàkà kí n fi orúkọ bàbá wọn pè wọ́n, mo ní "Àbókí wáàn" àti "Àbókí tuù". Ìtumọ̀ àbókí ní èdè wọn ni ọ̀rẹ́, ọdún 2014 ni mo tó mọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀rẹ́ bíi pé mò ń bú u. Ọjọ́ kan àwọn méjì jà, ọ̀kan ju ìkejì lókùúta, ètè ẹ̀ là. Mo dé, mo wò wọ́n, mo ní "Gàmbàrí pa Fúlàní, kò lẹ́jọ́ nínú," gbogbo kíláàsì pa ẹ̀rín, mo ní kí wọ́n lọ fọ ojú. Tó bá jẹ́ ọmọ èèyàn ńlá tàbí ọmọ tíṣà ni ètè ẹ̀ là, ìwé ẹ̀sùn á ti dé tábìlì H.M., ọ̀gá ilé ìwé wa, kí aago méjìlá tó lù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fánákúlà, ìyẹn èdè ìbílẹ̀, torí òun ló jọ òfin tó dáa jù. H.M. wa ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ fánákúlà nínú ọgbà. Òfin kan fún gbogbo ayé, kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, àbí? Kápúténì á máa kọ orúkọ, ẹni tórúkọ ẹ̀ bá jáde á jẹ pàṣán méjì. Àmọ́ Yorùbá ni kápúténì, Yorùbá lèmi, Yorùbá ni H.M. gan-an fi ń bú wa tí inú bá ń bí i. Bí ọmọ bá sọ Yorùbá, etí kápúténì kì í gbọ́ ọ, torí bí afẹ́fẹ́ ló ṣe rí. Bí ọmọ Sábó bá ti lanu sọ "zo nan" fún àbúrò ẹ̀, orúkọ ti dé inú ìwé nìyẹn. Àwọn mẹ́ta mẹ́rin kan náà ló ń jẹ pàṣán lójoojúmọ́ tí mo sì ń sọ pé olórí kunkun ni wọ́n.

Ohun tó tún wá múnú bí mi sí ara mi ni pé mo mọ ìtàn yìí dáadáa. Wọ́n kọ́ wa nígbà tá à ń kọ́ṣẹ́ tíṣà nípa ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ níbí lọ́dún 1970 pé kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi òyìnbó kọ́. Mo ti fi ìtàn yẹn yangàn níbi ìpàdé. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ náà sì wà nígbà yẹn pé ní kíláàsì kékeré, èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ. Ṣé mo wá ronú kàn án lẹ́ẹ̀kan pé ọmọ Sábó tó ń sọ Hausa nílé, tó ń sọ Yorùbá ní títì, tí mo tún ń fi òyìnbó lù, èdè mẹ́ta ló ń gbé lórí nígbà tí ọmọ tèmi ń gbé méjì? Mi ò ronú kàn án.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí mo fẹ́ sọ wàyí ni mi ò fẹ́ sọ. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọdún 2012 ni, ó wà ní kíláàsì mi, ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó mọ ìṣirò gan-an, torí ó máa ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣírò owó níbi tí wọ́n ti ń sun súyà. Ó máa ń pẹ́ dé. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń ti géètì, òun á dé ní mẹ́jọ, mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Ìjìyà ẹ̀ẹ̀kan ni kíkó ìdọ̀tí, ẹ̀ẹ̀kejì pàṣán, ẹ̀ẹ̀kẹta lọ mú bàbá tàbí ìyá ẹ wá. Mo ní kó lọ mú wọn wá. Ó dúró, kò sọ nǹkan kan, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ walẹ̀. Mo ní ṣé o yadi ni? Ó ní bàbá òun ò sí nílé. Ìyá ẹ ńkọ́? Ó ní ìyá òun ò lè jáde. Mo ní irọ́ ni, ìyá wo ni kì í lè jáde, ṣé wọ́n dè é mọ́lẹ̀ ni, máa lọ, má padà wá síbí láìjẹ́ pé ẹni tó bí ẹ tẹ̀lé ẹ.

Kò padà wá. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fa ìlà pupa sára orúkọ ẹ̀ nínú rẹ́jísítà, mo kọ "left". Òun fúnra ẹ̀ ló lọ ni mo kọ o, kò sí ibì kankan tí mo kọ ọ́ sí pé èmi ni mo lé e.

(Ẹ̀yin tíṣà tó ń ka eléyìí, ẹ lọ wo rẹ́jísítà yín àtijọ́, ẹ wo àwọn tẹ́ ẹ kọ "left" sí lára.)

Ọdún yẹn náà ni ti ìdíje kúìsì. Wọ́n ní kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan mú ọmọ mẹ́ta wá. Ọmọbìnrin Igbo kan tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹrin, tó ti wọ kíláàsì karùn-ún nígbà náà, òun ló mọ̀wé jù lọ, kò sí àríyànjiyàn. Mo rí i lórí fọ́ọ̀mù pé wọ́n béèrè "state of origin", mo ro ó pé tó bá débẹ̀ tí wọ́n bá ní ọmọ Anambra wá ń ṣe kí ni fún wa, ìtìjú ni. Mo yọ ọ́, mo fi ọmọ míì sí i. Bàbá ẹ̀ tó ń ta mọ́tọ̀ páàtì wá sí ilé ìwé. Kò pariwo. Yorùbá tó sọ dùn ju tèmi lọ. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yìí, Asubiaro níbí ni wọ́n bí i sí, kò tíì kọjá Ìbàdàn rí láyé ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí ni, pé òun ò lè lọ, kí n lè fi ka fún un, torí kò jẹun láti àná."

Mo ní kó máa lọ, màá pè é. Mo wá gbogbo ìwé náà, iwájú àti ẹ̀yìn. Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan. Wọ́n kàn béèrè ni, bí wọ́n ṣe ń béèrè ọjọ́ orí. Èmi ni mo dá òfin náà sílẹ̀ lórí mi, tí mo sì fi dá ọmọ lẹ́jọ́. Ìdíje sì ti kọjá kí n tó wá a tán.

Láti ìgbà yẹn ni ìbéèrè bàbá yẹn ti wà lẹ́nu mi. Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ìdajì àwọn nǹkan tá à ń pè ní òfin nílé ìwé ìjọba, ẹ béèrè ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ máa rí i pé ẹnì kan ló ṣe é lọ́dún kan, ẹlòmíì sì ń bá a lọ. Ní tiwa, tí wọ́n bá mú ọmọ tuntun wá, a máa ń ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí ìlú abínibí wá láti káńsù. Yorùbá á lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ìlú ẹ̀ wà ní Kebbi ńkọ́? Mo béèrè lọ́wọ́ H.M. pé ta ló ní ká máa gbà á, ó wò mí, ó ní bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ òfin ẹ̀kọ́ UBE ti 2004 ní ọ̀fẹ́ ni, dandan sì ni, fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti kíláàsì kìíní dé JSS 3, abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 náà sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yà tàbí ibi tí èèyàn ti wá fìyà jẹ ẹ́. Mo ti ṣe tíṣà ju ogún ọdún lọ kí n tó ka abala yẹn, orí fóònù ni mo sì ti kà á.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni kò sí nínú ìwé o. Lọ́dún 2013 ọmọbìnrin Igbo yẹn ṣe ìdánwò sí ilé ìwé ìjọba àpapọ̀. Ẹ máa rántí ariwo tó wà nílùú nígbà tí máàkì tí wọ́n fi ń gba ọmọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde. Anambra 139, Ọ̀ṣun wa níbí 127, Zamfara 4 fún ọkùnrin, 2 fún obìnrin. Ọmọ tí wọ́n bí ní Asubiaro, 139 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ẹnìkejì ẹ̀ tí wọ́n jọ ń pín bẹ́ǹṣì, 127. Kò wọlé. Mo mọ̀ pé torí àwọn ìpínlẹ̀ tó wà lẹ́yìn ni wọ́n ṣe ṣe é, mi ò sì lè sọ fún yín bí wọn ì bá ṣe ṣe é. Ohun tó ń dùn mí nínú ẹ̀ yàtọ̀. Nínú kíláàsì wọn ọmọ Zamfara kan wà, bàbá ẹ̀ ń ta alùbọ́sà. Máàkì 4 ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ ẹ̀. Kò gba fọ́ọ̀mù rárá. Ìdí? Àwọn tá a kà sí olórí pípé nìkan la sọ fún pé fọ́ọ̀mù ti jáde. Ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba ṣe fún un, torí ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń bú ìjọba káàkiri, inú dúrọ́ọ̀ wa níbí ló kú sí.

Ó yẹ kí n ti jí nígbà yẹn. Mi ò jí. Ojú kàn ń tì mí ni, ojú títì sì yàtọ̀ sí kéèyàn ṣe nǹkan kan.

Àbúrò mi ọkùnrin ló jí mi. Texas ló ń gbé. Lọ́dún 2014 ó pè mí lóru, inú ń bí i, wọ́n lé ọmọ ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kúrò nílé ìwé fún ọjọ́ mẹ́ta torí ó ti ọmọ míì, ọmọ òyìnbó tó kọ́kọ́ tì í ńkọ́, wọ́n kàn bá a sọ̀rọ̀ ni. Ó ní tíṣà ẹ̀ ò tiẹ̀ lè pe orúkọ Yorùbá tó ń jẹ́, ó ti gé e kúrú fún un. Mo gbaná jẹ. Mo ṣépè. Mo ní àwọn òyìnbó wọ̀nyí ò lójú tì, ṣebí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ti sọ ọ́ láti 17 May 1954 pé wọn ò gbọ́dọ̀ ya ilé ìwé ọmọ dúdú sọ́tọ̀, oṣù mẹ́jọ géérégé ṣáájú kí Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún wa ní 17 January 1955, ọgọ́ta ọdún, wọn ò tíì gbọ́n?

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Sìsì mi, àwọn ọmọ Sábó tí ẹ̀ ń kọ́ yẹn, ta ló ti ṣe kápúténì rí nínú wọn?"

Mo dákẹ́. Mo ní network ò dáa.

Ó padà pè mí lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀ mí, ó ní òun ò bú mi. A wá sọ̀rọ̀ gidi. Ó ní òun ti lọ wo iye ọmọ tí ilé ìwé yẹn ń lé, torí ìjọba àpapọ̀ tiwọn ti ń gba àkọsílẹ̀ nípa àwọn ọmọ láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé ìwé látọdún 1968, wọ́n ń kà á ní ẹ̀yà ẹ̀yà, dúdú mélòó, funfun mélòó, ẹnikẹ́ni ló sì lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ dúdú ni wọ́n ń lé jù. Mo ní kí ni wọ́n wá rí nínú kíkà á nígbà tí wọn ò jáwọ́. Ó ní ó kéré tán, wọn ò lè wo ojú òun kí wọ́n ní kì í ṣẹlẹ̀.

Bí mo ṣe ra ìwé fọ́tì líìfù kan nìyẹn ní January 2015. Lẹ́yìn ìwé ni mo ti ń kọ, kí ẹni tó bá ṣí i níwájú lè rò pé nóòtù iṣẹ́ ni. Ọjọ́, orúkọ, ohun tí ọmọ ṣe, ohun tí mo ṣe sí i. Mo tún ń fi àmì sí orúkọ tí mo bá ní kó dáhùn ìbéèrè. Mi ò yí nǹkan kan padà nínú ìṣe mi o, mo fẹ́ mọ bí mo ṣe rí ni. Tẹ́ẹ̀mù kan gbáko.

Alẹ́ tí mo jókòó kà á, iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi wò ó. Àwọn tí mo lé lọ sílé láti lọ mú òbí wá jẹ́ mẹ́sàn-án, mẹ́fà nínú wọn ni kì í ṣe Yorùbá, bẹ́ẹ̀ wọn ò pé méjìlá nínú kíláàsì ọmọ méjìdínlọ́gọ́ta. Ìyẹn burú, àmọ́ òun kọ́ ló pa mí. Ohun tó pa mí ni ọjọ́ kan lóṣù March. Òjò rọ̀ láàárọ̀. Ọmọ méjì pẹ́ dé, ọ̀kan jẹ́ ọmọ tíṣà ẹgbẹ́ mi, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Sábó. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi kọ ìdí. Lára ọmọ tíṣà mo kọ "òjò". Lára ìkejì mo kọ "ọ̀lẹ". Òjò kan náà! Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá mi ò rí i dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá máa gba ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, ẹ gba ìwé yẹn. Ẹ má bi ara yín bóyá ẹ kórìíra ẹnikẹ́ni, ẹ ò ní rí ìkórìíra kankan, èmi ò rí. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀ kí ẹ wá kà á.

Bí mo ṣe fẹ́ tún un ṣe ni mo tún ba nǹkan jẹ́. Mo fi ìwàǹwára ṣètò "Ọjọ́ Hausa" ní kíláàsì. Mo ní kí ọmọ kan bọ́ síwájú kó máa fi èdè ẹ̀ kọrin, kó wọ fìlà. Ọmọ tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tó ti wọ kíláàsì mi pàṣán ló ń jẹ tó bá sọ èdè yẹn! Ó dúró síwájú ọmọ méjìdínlọ́gọ́ta, ètè ẹ̀ ń gbọ̀n, ó wá tọ̀ sára. Mo bo ojú mi. Kò fẹ́ jẹ́ àfihàn, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ jẹ́ ẹni ẹ̀yìn, ó kàn fẹ́ kí n pe orúkọ ẹ̀ dáadáa kí n sì jẹ́ kó rí bọ́ọ̀dù ni. Ní míìtìn àwọn tíṣà tí mo mú ọ̀rọ̀ náà wá, H.M. ní "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ joyè Sẹ̀ríkí ni?" wọ́n rẹ́rìn-ín títí, orúkọ yẹn sì lẹ̀ mọ́ mi títí mo fi kúrò níbẹ̀. Obìnrin kan tá a jọ ń jẹun ò kí mi fún tẹ́ẹ̀mù kan, ó ní mò ń fi wọ́n hàn bí èèyàn burúkú.

Mo wá gbé ẹsẹ̀ mi lọ sí Sábó. Ó yẹ kí n ti lọ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni láti géètì wa. Mo wá ilé ọmọ tí mo kọ "left" sí lára. Wọ́n jẹ́ kí n wọ inú ilé torí obìnrin ni mí, ìyá ẹ̀ wà níbẹ̀, ó ní ẹ̀rín lẹ́nu, ọmọ ẹ̀ obìnrin kan ló ń túmọ̀ fún wa. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ "kulle", pé nínú ilé irú tiwọn, aya kì í jáde lójú ọjọ́, tí wọ́n bá máa jáde á jẹ́ alẹ́. Ọkọ ẹ̀ ń kó màálù láti òkè, oṣù kan, oṣù méjì ló máa ń lò. Ìyá òun ò lè jáde, ọmọ yẹn wí. Òótọ́ ni ọmọ sọ fún mi, mo ní irọ́ ni. Wọ́n ti rán an lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀. Ìyá náà ò bínú sí mi, ó ní kí wọ́n fún mi ní fùrá, mo mu ún, kò rọrùn láti gbé mì.

Ti pípẹ́ dé, ilé kéwú ni. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni wọ́n ń kà á, màálámù ń tú wọn sílẹ̀ ní aago méje ààbọ̀ kí wọ́n tó lọ wẹ̀. Mo ní ṣé wọ́n lè tú wọn sílẹ̀ ṣáájú. Màálámù náà ní aago mélòó lẹ fẹ́? Mo ní méje. Ó ní kò burú. Ó tán! Gbogbo pàṣán yẹn, gbogbo ìdọ̀tí tí wọ́n kó, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, kò kàn sẹ́ni tó wá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ rí.

Àwọn nǹkan tó kù tá a ṣe kì í ṣe ńlá. Gbogbo Monday ni bẹ́ǹṣì ń yí, ẹni ẹ̀yìn á bọ́ síwájú. Kápúténì ọ̀sẹ̀ méjì méjì, bó ṣe wà nínú rẹ́jísítà, kò sí pé mo yan ẹnì kan. Orúkọ, mo ní kí ọmọ pè é fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi bírò kọ bí mo ṣe gbọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́. Dípò "mú ìyá ẹ wá", nọ́ńbà fóònù, tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti dàgbà. Pàṣán fánákúlà, mo pa á rẹ́ ní kíláàsì tèmi nìkan, mi ò lágbára lórí ti àwọn tó kù. Ìpàdé òbí tó jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀ Thursday, mo bẹ H.M. títí ó fi gbà ká ṣe ọ̀kan lẹ́yìn ìrun mọ̀ńgàríbì, ilé ìwé kún, àwọn ìyá tí a ò rí rí wọlé pẹ̀lú àtùpà, ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ni o, wọ́n ní ta ló máa san owó epo jẹnẹrétọ̀.

Àwọn òbí Yorùbá kan bínú. Bàbá kan wá bá mi, ó ní òun gbọ́ pé àbókí ló ń pàṣẹ fún ọmọ òun, ó mú ọmọ ẹ̀ lọ sí praifẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2016 tí ilé ẹjọ́ gíga dá ẹjọ́ híjáàbù nílùú wa, gbogbo èèyàn ló ń jà lórí ẹ̀sìn ọmọ tó wà nílé ìwé, rédíò, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí. Mo ń rò ó lọ́kàn mi nígbà náà pé àwọn ọmọ tó wà ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn nínú gbogbo ìjà yẹn.

Lọ́dún tó kọjá mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Ọláìyà, mò ń lọ sí Òkè-Fíà. Awakọ̀ ń wò mí nínú dígí. Ó ní "Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Yorùbá Òṣogbo pọ́ńbélé. Mo wò ó, mi ò mọ̀ ọ́n, ó dárúkọ ara ẹ̀, ọmọ tí mo kọ "left" sí lára ni, inú mi já. Ó ní irùngbọ̀n báyìí. Mo ní kó páàkì. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú títì níbẹ̀, mo ní mo ṣe ohun tí kò dáa sí ẹ. Kò ní kò tọ́pẹ́, kò sì ní òun ti dárí jì mí. Ó kàn ń nu dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀. Ó wá ní, "Wọ́n ní kí àbúrò mi obìnrin lọ mú bàbá wa wá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bàbá wa ti kú. Mo lọ, wọ́n ní mo kéré." Ó dárúkọ ilé ìwé tí ọmọ náà ń lọ, kì í ṣe ibi tí mo ti ṣiṣẹ́.

Owó ọkọ̀ mi, ó gbà á, ó fún mi ní ṣéńjì.

Lọ́jọ́ Monday aago méje kọjá díẹ̀ mo ti wà ní géètì ilé ìwé náà, èmi, ọmọ náà, àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó páàkì kẹ̀kẹ́ sí òdìkejì títì. Gateman mú ìwé àlejò wá, ó ní kí n kọ orúkọ mi, ẹni tí mo fẹ́ rí, àti ohun tí mo jẹ́ sí ọmọ náà. Mo di bírò mú síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo wá kọ ọ́ pé: tíṣà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.